Físíìsì Àbíkẹ́

"Ẹ jẹ́ kí n wà lórí ìdúró. Bí mo bá fi lè jókòó, ọ̀rọ̀ yìí á tún wọlé padà, òní sì ni ó gbọ́dọ̀ jáde."

Bí Mùsítúrà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìrun Àìlà, nínú àgbàlá tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe àga onítìmùtìmù ní Òkokómáíkò. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ pe gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Gbàdàmọ́sí, bàbá rẹ̀, jókòó sórí àga kan tí kò tíì fi aṣọ bò, ó di apá méjèèjì mọ́ àyà. Ìyáàfin Abọ́lá, tó ni ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìbà, jókòó tì í. Ní ìdojúkọ wọn, lórí àpótí, ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ wà, ọkùnrin tó ti jẹ́ tíṣà Físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ náà kí wọ́n tó lé e. Àbíkẹ́, àbúrò Mùsítúrà kan ṣoṣo, kọ̀ láti jókòó. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó kẹ́yìn sí gbogbo wọn, nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé tíṣà yìí kò sí orúkọ tí ó korò lẹ́nu rẹ̀ tó orúkọ Ọmọ́tọ́ṣọ́.

Gbàdàmọ́sí ní, "Mùsítúrà, kí ni mo ṣe tí o fi mú ọkùnrin yìí wọ inú ọgbà mi?"

"Bàbá, ẹ ò ṣe nǹkan kan. Òun náà kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe é. Èmi ni mo gba Físíìsì lọ́wọ́ Àbíkẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo ní Tíṣà sọ, Tíṣà kò sọ ọ́. Èmi ni mo dá a sọ láti inú ara mi."

Àbíkẹ́ yí ojú padà. Gbàdàmọ́sí tú apá rẹ̀ sílẹ̀. Mùsítúrà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn síwá sẹ́yìn láàárín àwọn pákó àti fóòmù tó wà nílẹ̀, bó ṣe ń rìn ló ń sọ̀rọ̀.

Ó ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí òun fo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún tí ìyá wọn dùbúlẹ̀ àìsàn ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, obìnrin dúdú kan tí kì í pariwo, tí ó máa ń bá ìyá wọn ya irun rẹ̀ láràárọ̀ kó tó fún un lóògùn. Òun a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun a máa wo ọwọ́ obìnrin náà. Ibẹ̀ ni òun ti sọ nínú ọkàn òun pé iṣẹ́ tí òun yóò ṣe nìyí. Ọdún yẹn kan náà ni òun ṣe ìdánwò WAEC, òun sì yege gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàólọ́jì, Kẹ́mísírì, Físíìsì. Ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n kí èsì tó jáde ni ìyá wọn ti kú. Bàbá wọn ní, "Mùsítúrà, dúró díẹ̀ ná. Ta ni yóò mójú tó Àbíkẹ́?" Òun dúró. Díẹ̀ yẹn kò sì tán mọ́. Òun lọ bá ọ̀gá Ígbò kan tó ń ta wáyà iná ní ọjà Àlàbá, òun ṣiṣẹ́ sin ín, títí òun fi ní ìsọ̀ tara òun. Ó ní nǹkan tí òun fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni pé kò sí aṣọ ilé ẹ̀kọ́ tí Àbíkẹ́ wọ̀ tí kì í ṣe ọwọ́ òun ló fọ̀ ọ́, kò sì sí àárọ̀ tí ó jáde nílé láìjẹun.

"Mo fẹ́ràn rẹ̀. Irọ́ kọ́ nìyẹn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ ara mi nìyẹn, pé ẹni tí mo fẹ́ràn ni mo ṣe báyìí."

Nígbà tí Àbíkẹ́ parí JSS3, tó fẹ́ wọ SS1, ilé ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ pé kí òbí kọ̀ọ̀kan wá kí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀ lórí àwọn iṣẹ́ ìwé tí ọmọ rẹ̀ yóò máa kọ́ ní kíláàsì. Ìgbà ìsinmi ni, àwọn ọmọ kò sí níbẹ̀. Gbàdàmọ́sí ní òun kò gbọ́ èdè wọn, kí Mùsítúrà lọ. Tíṣà Ọmọ́tọ́ṣọ́ ló ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe sáyẹ́ǹsì. Ó fi àga lọ Mùsítúrà, ó sì bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù bí ẹni ń bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́, ọmọ yín gbọ́n. Ìbẹ̀rù ló ń ṣe é. Ó ní òun fẹ́ di nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ó ń wá bí òun ṣe máa sá fún Físíìsì, torí ìṣirò inú rẹ̀. Tí ẹ bá gbà á láyè, á mú Ágíríìkì dípò rẹ̀. Ẹ má gbà á láyè o. Máàkì tó bá gbà nínú àwọn yòókù, bí kò bá ti sí Físíìsì, wọn ò ní wò ó lójú níbi tó ń lọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi bá a sọ ọ́. Bó bá wọlé, èmi fúnra mi á máa fà á lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀."

Mùsítúrà ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun sì jáde. Kì í ṣe pé òun kò gbọ́ ohun tó sọ. Òun mọ̀ ọ́n kó tó sọ ọ́. Àwọn iṣẹ́ márùn-ún tí wọ́n ń béèrè yẹn, òun ti ní wọn, wọn kò sì wúlò fún òun ju pé kí òun lè ka nọ́ńbà ara wáyà lọ. Òun fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìbà, òun kò wọkọ̀, nítorí ara òun kò gba ìjókòó. Òun kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń wá yàrá háyà, tí wọ́n gbé báàgì kọ́, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí ọjọ́ orí wọn kò ju ti òun lọ.

Nígbà tó délé, bàbá wọn ń bá aládùúgbò kan sọ̀rọ̀ níwájú ilé. Ó na ọwọ́ sí Àbíkẹ́, ó ní, "Èyí ni yóò wọ aṣọ funfun nínú ìdílé mi. Èyí ni yóò mú orúkọ mi dé ọsibítù ńlá." Ó yíjú sí Mùsítúrà, ó ní, "O káàbọ̀. Omi ti tán nínú kẹ́ẹ̀gì."

Ibi tí Mùsítúrà dé nìyí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí Gbàdàmọ́sí fi ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n mi ò di ẹ̀bi náà rù yín. Ọmọ mélòó ni bàbá wọn ti sọ ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ sí, tí wọn kò hùwà ìkà? Mo lọ pọn omi. Àbíkẹ́ tẹ̀ lé mi dé ìdí ẹ̀rọ omi. Ó ní, 'Àǹtí mi, kí ni Tíṣà sọ?' Mo ti máa ń sọ fún ara mi pé ẹnu mi ló yọ̀ nígbà yẹn, pé mi ò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́. Irọ́ ni. Láti Ìbà ni mo ti ń sè é bọ̀ lọ́nà. Mo ní, 'Tíṣà ní kí o fi Físíìsì sílẹ̀. Ó ní Ágíríìkì á ṣe é.' Inú rẹ̀ dùn. Ó dì mọ́ mi. Ó gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mi, ó ní òun á bá mi rù ú."

Àbíkẹ́, tó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, fi ọwọ́ bo ẹnu.

Mùsítúrà ní kí irọ́ náà má baà tú, òun padà lọ bá tíṣà nígbà tí wọ́n wọlé. Òun sọ fún un pé bàbá àwọn ti pinnu pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni Àbíkẹ́ yóò kọ́, pé àwọn ní ilẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, kí ó jọ̀wọ́ má bá ọmọ náà sọ ọ̀rọ̀ Físíìsì mọ́ kó má baà da ọkàn rẹ̀ rú. Tíṣà pa ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé. Ó ní, "Ọmọ yín ni. Ẹ̀yin lẹ mọ̀." Bẹ́ẹ̀ ni Mùsítúrà fi irọ́ kan di ọ̀nà mọ́ ọmọ, tó fi òmíràn di í mọ́ tíṣà, tí ó sì jókòó sí àárín.

Ó ní ẹni tí ìrònúpìwàdà bá wọ̀ lára ṣì ráyè nígbà náà. Ní SS2, Àbíkẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ojú tó rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní Pẹ̀lúmi tí àwọn jọ ń jókòó sọ pé kò sẹ́ni tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láìní Físíìsì. Ó fẹ́ lọ bi Tíṣà Ọmọ́tọ́ṣọ́. Mùsítúrà ń gé ilá lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Pẹ̀lúmi ni yóò wá gbà ọ́ wọlé ni? Ohun tí àgbà tíṣà ti sọ, ìwọ fẹ́ lọ bi í léèrè lẹ́ẹ̀kejì? Wọn kì í fẹ́ ọmọ tó ń yẹ wọ́n lọ́rọ̀ wò." Àbíkẹ́ ní, "Ẹ má bínú, mà." Ó lọ ka ìwé rẹ̀.

"Ìlẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí lọ́jọ́ yẹn. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà mí. Èmi tí mo jẹ́ àgbà lọ́jà ni mo ń wọ́ orí ọmọ tuntun. Mo gé ilá mi tán, mo gbé e kaná."

Iwájú kọ̀ǹpútà ni àṣírí ti tú. Ní SS3, Àbíkẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀ fún JAMB ní ibùdó kan nítòsí Ìyànà Ìbà. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń bá wọn tẹ̀ ẹ́ bi í pé nọ́ọ̀sì ló fẹ́? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọbìnrin náà ka iṣẹ́ tí yóò ṣe sílẹ̀ fún un, ó sì ka Físíìsì mọ́ ọn. Àbíkẹ́ ní òun kì í ṣe Físíìsì. Ọmọbìnrin náà ní, "Àbúrò, a jẹ́ pé kì í ṣe nọ́ọ̀sì lo fẹ́ nìyẹn. Jọ̀ọ́, bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, èrò wà lẹ́yìn rẹ." Wọ́n sì ti ti ìforúkọsílẹ̀ WAEC ní ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà, kò sí bí wọ́n ṣe lè fi iṣẹ́ kan kún un.

Ọjọ́ kejì ni Gbàdàmọ́sí wọ ọ́fíìsì Ìyáàfin Abọ́lá pẹ̀lú òòlù tó fi ń kan àga lọ́wọ́, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun mú un dání. Àbíkẹ́ wà pẹ̀lú rẹ̀, ó ti sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Mùsítúrà náà wà níbẹ̀. Wọ́n pe Ọmọ́tọ́ṣọ́. Ó ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ni òun bá sọ̀rọ̀, òun sì kìlọ̀ fún un, kó tó padà wá sọ pé bàbá wọn ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọmọ yóò kọ́. Gbàdàmọ́sí ní irọ́ ni. Ọmọ́tọ́ṣọ́ yíjú sí Mùsítúrà, kò pariwo, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́, ẹ bá mi sọ fún wọn. Kí ni mo sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn?"

Ìyáàfin Abọ́lá ní, "Sọ òtítọ́, ọmọ mi. Má bẹ̀rù ẹnikẹ́ni."

Mùsítúrà dúró nínú ìrìn rẹ̀ ní àgbàlá náà. Ó di orí àga kan mú. Ó ní ohun tí òun ti ń sọ bọ̀ láti ẹ̀ẹ̀kan kò tíì jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó kù. Ó ní òtítọ́ náà ti dé ẹnu òun. Òun rí ojú Àbíkẹ́, òun rí i pé bí òun bá sọ ọ́, ojú yẹn kò ní í wo òun bó ṣe ń wo òun mọ́. Òun wá ní, "Tíṣà ní kó fi Físíìsì sílẹ̀." Ṣùgbọ́n òun rí i pé Ìyáàfin Abọ́lá ṣì ń ṣiyè méjì, torí ó mọ tíṣà rẹ̀ fún ènìyàn dáadáa. Òun wá nǹkan tí yóò mú un dúró. Òun ní, "Ó tún ní ọmọ onítìmùtìmù ni, kí ló fẹ́ fi Físíìsì ṣe? Ó ní kí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ níṣẹ́ àga." Òun sì fi ìyá àwọn tó ti kú búra lé e.

"Gbólóhùn yẹn, kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo mọ ibi tí yóò ti dun Bàbá, mo sì fi ṣóńṣó ọ̀rọ̀ gún un níbẹ̀ gan-an. Bàbá mi fi òòlù sílẹ̀, ó gbá Tíṣà létí lójú àwọn ọmọ tó ń yọjú lójú fèrèsé. Tíṣà kò gbé ọwọ́ sókè. Èmi ló ń wò. Ó wò mí títí. Lọ́sẹ̀ yẹn ni Mọ́mì Abọ́lá ní kó máa lọ."

Ìyáàfin Abọ́lá fi ohùn kékeré sọ pé, "Torí ọ̀rọ̀ àbùkù yẹn ni. Ká ní àṣìṣe lásán ni, mi ò bá tí lé e."

Mùsítúrà ní òun mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìsinmi ti kúrò lára òun. Àbíkẹ́ lọ ń ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìbà, ó ń fọ abọ́ èébì, ó ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, tí àwọn tí kò gbọ́n tó o ń pàṣẹ fún un. Ó dá Físíìsì kà nílé, ó ṣe ìdánwò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò sí nílé ẹ̀kọ́, ó fìdí rẹmi, ó tún ṣe é, ó tún fìdí rẹmi. Nígbàkúùgbà tó bá ti fìdí rẹmi, á ní, "Ọlọ́run ló máa bá mi bi Tíṣà Ọmọ́tọ́ṣọ́." Mùsítúrà a ní, "Àmín." Ó ní àmín yẹn a máa dún lórí òun. Bí òun bá wà nílé, òun a fẹ́ lọ sọ́jà. Bí òun bá dé ọjà, òun a fẹ́ padà sílé. Òun a to wáyà, òun a tú u, òun a tún un tò. Oníbàárà a ní tínrín, òun a gé nínípọn fún un. Bí òun bá ń kírun, òun a dé ìtẹríbalẹ̀, òun kò ní mọ èyí tí òun ti kà.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìpàdé yìí ni ọkùnrin kan dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀ ní Àlàbá, ó ní òun fẹ́ wáyà tí òun yóò fi so bátìrì ẹ̀rọ ínfátà. Bí Mùsítúrà ṣe gbójú sókè, Ọmọ́tọ́ṣọ́ ni. Ó ti rù. Iṣẹ́ àtúnṣe ínfátà àti sólà ló ń ṣe báyìí, ó pín ìsọ̀ lò pẹ̀lú ẹlòmíràn lẹ́yìn ọ̀nà tó lọ sí Àlàbá Rago. Òun náà kò mọ̀ pé ìsọ̀ Mùsítúrà nìyẹn. Wọ́n wo ara wọn. Ó ní, "Ẹ kú ọjà." Ó sọ bí wáyà náà yóò ṣe gùn tó. Mùsítúrà ń gé e lọ́wọ́. Àkókò yẹn gan-an ni Àbíkẹ́ dé, ó gbé oúnjẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá.

Àbíkẹ́ rí i. Ó gbé abọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin nìyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ onítìmùtìmù ni mí. Ṣé ẹ̀yin náà ti wá di oníṣẹ́ àtúnṣe? Ọlọ́run ò sùn." Àwọn tó wà ní ìsọ̀ ìtòsí ti ń yọjú. Ọmọ́tọ́ṣọ́ wo Mùsítúrà fírí, ó gbé ojú kúrò. Ó ní, "Àbíkẹ́, mo gbọ́ pé o ń dá Físíìsì kà. Kò tíì pẹ́ jù. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kan nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Bí o bá wá, mi ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ." Àbíkẹ́ tutọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì lọ. Ọkùnrin náà gba wáyà rẹ̀. Mùsítúrà bi í, "Tíṣà, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún un?"

Ó ní, "Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, lójú yín. Ẹ rántí ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ìyàwó mi ti kó àwọn ọmọ lọ sí Oǹdó lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó ní òun ò lè máa gbé ibi tí wọ́n ti ń pe òun ní ìyàwó tíṣà tó ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Tí òun náà bá fi lè rò pé bóyá mo sọ ọ́, ta ni mo tún fẹ́ sọ fún?" Ó yí padà, ó ń lọ. Mùsítúrà sá tẹ̀ lé e láàárín èrò, ó fi ìsọ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ọjà. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó wá sí àgbàlá bàbá òun lọ́jọ́ Àìkú, pé òun yóò sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Ọmọ́tọ́ṣọ́ ní, "Ẹ dìde. Bó bá di ọjọ́ náà, ẹ máa rí nǹkan mìíràn sọ." Síbẹ̀ ó wá.

Nígbà tí Mùsítúrà sọ èyí tán, ó kúnlẹ̀. Ó ní òun kò ní ẹ̀bẹ̀ púpọ̀. Ó bẹ Tíṣà, ó bẹ Bàbá, ó bẹ Mọ́mì. Nígbà tó kan Àbíkẹ́, orúkọ rẹ̀ nìkan ló pè.

Gbàdàmọ́sí dìde. Ó ṣí fìlà. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti nà gbọọrọ sílẹ̀ níwájú Ọmọ́tọ́ṣọ́, nínú lẹ́bulẹ́bu pákó. Ọmọ́tọ́ṣọ́ fò dìde, ó ń fa apá rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ bí mi lọ́mọ." Gbàdàmọ́sí kò dìde. Ó ní, "Mo fi ọwọ́ mi gbá ọ létí lójú àwọn ọmọ tí ò ń kọ́. Jẹ́ kí n wà níbí ná." Nígbà tó dìde, kò wo Mùsítúrà. Ó wọlé lọ.

Àbíkẹ́ kò sunkún. Ó súnmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Lọ́jọ́ tí mo bi yín ní SS2, tẹ́ ẹ̀ ń gé ilá. Ẹ ti mọ̀ nígbà yẹn?"

"Mo mọ̀."

"Mo sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ yín." Ó kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, ó sì lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìbà. Ó kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ Ọmọ́tọ́ṣọ́ kọjá kó tó jáde. Ó kúnlẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ní, "Sátidé. Mú ìwé wá."

Ìyáàfin Abọ́lá sọ fún Ọmọ́tọ́ṣọ́ pé ẹlòmíràn ti wà nípò rẹ̀, ṣùgbọ́n òun yóò pe àwọn òbí, òun yóò sì sọ fún wọn pé òun ṣì í lé. Mùsítúrà ní kó má sọ ọ́, pé òun ló yẹ kó sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe tó fi dúró níwájú àwọn òbí àti àwọn ọmọ tó ń wọ SS1, tí wọ́n ní kí àwọn náà wá lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí ọjọ́ àtiyan iṣẹ́ tún pé. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, kò yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò. Obìnrin kan ní ẹ̀yìn ń ṣe "háà, háà" títí ó fi parí. Ẹ̀yìn èyí ló bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má gba ọ̀nà yín gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo, kódà kó jẹ́ ẹni tó ń fọ aṣọ yín. Ẹ bi tíṣà léèrè. Bí wọ́n bá ní ẹ má bi í, ẹ yára lọ bi í. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wọn tẹ́ ẹ wá dípò òbí, bí ilé yín bá gba nǹkan lọ́wọ́ yín, ẹ sọ fún ẹni tó gbà á. Ẹ pariwo tó bá jẹ́ ariwo ló kù. Ẹ má lọ gbà á padà lọ́wọ́ ọmọ tó ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ yín. Èmi gbà á padà, kò sì dọwọ́ mi. Àbíkẹ́ kò di nọ́ọ̀sì, ìyẹn kò sì sọ èmi di nọ́ọ̀sì."

Ìyàwó Ọmọ́tọ́ṣọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní Oǹdó. Kò tíì padà, ṣùgbọ́n ó ti ń jẹ́ kí àwọn ọmọ máa bá bàbá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Gbàdàmọ́sí àti Mùsítúrà jọ ń gbé, bàbá ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, ó sì máa ń dáhùn bó bá kí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbi tó ti fẹ́ lọ pọn omi, ó gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ pọn ọ́n fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù púpọ̀, Mùsítúrà wà nínú ìsọ̀ rẹ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ ń tutù, ó ń ká wáyà. Òjìji ẹnì kan bọ́ sórí tábìlì. Àbíkẹ́ ni. Kò wọlé. Ó ní, "Ẹ kú ọjà, Àǹtí mi."

Mùsítúrà ní, "O káàbọ̀." Kò mọ̀ bóyá kí òun fi àga lọ̀ ọ́.

"Èsì ti jáde. Mo yege Físíìsì. Mo ti sọ fún Bàbá, mo ti sọ fún Tíṣà." Ó ń wo àwọn alábàárù tó ń kọjá. "Mi ò tíì dárí jì yín. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni mo ṣe wá."

"Mo dúpẹ́."

"Ẹ má dúpẹ́. Mo ní mi ò tíì."

"Mo gbọ́. Tíì yẹn náà ni mò ń dúpẹ́ fún."

Àbíkẹ́ gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó ní ó dàárọ̀. Ó lọ. Mùsítúrà jókòó, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, wáyà náà kò sì tún wù ú ká mọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.